Ohun tí mo bá lábẹ́ aṣọ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi

Aṣọ ara ilẹ̀kùn awakọ̀ ló kọ́kọ́ wú. Ó lé róńdó bí ojú ara tí iná jó. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Tí mo bá yọ ìka kúrò, á tún jáde. Nígbà tó yá, ó já lókè lábẹ́ gíláàsì, ó wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá sọ gíláàsì kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi wọ aṣọ funfun wọ ọkọ̀ náà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀ pupa rúsúrúsú léjìká, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ohun tí a lè máa wò níran.

Kì í ṣe pé n kò tíì gbìyànjú o. Mo ti ra gọ́ọ̀mù, mo fi abẹ́rẹ́ oníke fà á, mo gún un wọ abẹ́ aṣọ náà káàkiri, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó mú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi mú. Lọ́jọ́ kẹrin ó tún wú, àmì gọ́ọ̀mù sì ti yọ sójú aṣọ bí àbàwọ́n òróró, tó fi jẹ́ pé ó wá burú ju bí mo ṣe bá a lọ.

Ìgbà tí mo tú u tán ni mo tó rí ìdí rẹ̀. Aṣọ yìí kò lẹ̀ mọ́ ike tààrà. Fóòmù pẹlẹbẹ kan, tí kò nípọn ju bíi mìlímítà 3 lọ, ló wà láàárín wọn: aṣọ lẹ̀ mọ́ fóòmù, fóòmù sì lẹ̀ mọ́ ike. Ooru àti ọ̀rinrin ni í máa jẹ fóòmù náà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi di ìyẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Aṣọ mi ṣì le dáadáa, àárín ló ti kú. Gọ́ọ̀mù yòówù tí mo bá gún wọ ibẹ̀, eruku ló ń bá dọ́rẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ọkọ̀ náà ní. Mo pinnu pé n ó ṣe wọ́n fúnra mi nílé, méjì lọ́sẹ̀ kan, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Àmọ́ oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo wá fi ṣe é.

Títú ni ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ. Pátákó inú ilẹ̀kùn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì, ohun méjì ló dì í mú: súkúrúù àti kílíìpù oníke. Àwọn kílíìpù wà létí rẹ̀ yípo, wọ́n ki ẹnu bọ ihò ara irin ilẹ̀kùn, fífà ni a ń fà wọ́n yọ. Àwọn súkúrúù ló ń fara pamọ́, torí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kò fẹ́ kí ojú rí wọn. Ọ̀kan á wà nínú ihò tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ láti fa ilẹ̀kùn tì. Ọ̀kan á wà lẹ́yìn ọwọ́ tí a fi ń ṣí i. Òmíràn á wà lábẹ́ ìdérí kékeré kan tó rí bíi bọ́tìnnì, tí ẹni tí kò mọ̀ á máa pè ní ọ̀ṣọ́. Mo rí mẹ́ta, mo tú mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn kílíìpù ń yọ pọ́, pọ́, pọ́, àfi ibì kan láàárín tó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní agídí lásán ni, mo bá kó agbára bò ó. Ó dún gbà! Súkúrúù kẹrin wà níbẹ̀, lábẹ́ ibi tí a ń gbé apá lé, etí ike tó dì í mú sì ti ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo sanwó rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí apá ọ̀tún àti apá òsì bá ti yọ tí àárín bá ní òun kò lọ, mo máa ń dúró, mo máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì.

Irinṣẹ́ tí a fi ń hú kílíìpù, kó jẹ́ oníke. Tó bá jẹ́ irin ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi téèpù wé e lẹ́nu, torí ọ̀dà ọkọ̀ kò mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹgbẹ́ kílíìpù gan-an ni kí ẹ ti hú u. Bí ẹ bá ti àárín kílíìpù méjì hú u, pátákó ló máa tẹ̀. Ẹ sì ra kílíìpù lé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì àkọ́kọ́ gba méje lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ṣì jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ yí gíláàsì rẹ̀. Ọwọ́ ìyí náà kò ní súkúrúù rárá. Wáyà kékeré kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ ló há a mọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a ki àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà, kí a máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń nu bàtà, títí wáyà yóò fi fò jáde. Mo ní fífò jáde, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó. Tèmi, mi ò tíì rí i di òní.

Nígbà tí gbogbo kílíìpù bá yọ tán, ẹ má ṣe fa pátákó síta. Òkè ni kí ẹ gbé e sí, torí orí rẹ̀ kọ́ mọ́ etí irin níbi tí gíláàsì ti ń wọlé. Ẹ di í mú bó bá ti yọ, wáyà wà lẹ́yìn: ti súwíìṣì gíláàsì, ti iná, nígbà mìíràn ti sípíkà, àti okùn irin tó so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀. Ẹ ti yọ ẹnu òdì bátìrì, èyí tó ní àmì –, kí ẹ tó dé ibi wọ̀nyí. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ohun tó ń ta àpò afẹ́fẹ́, èyí tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn, lólobó nígbà ìjàǹbá wà nínú ilẹ̀kùn. Bí a bá já wáyà rẹ̀ tí a sì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, iná ìkìlọ̀ á tàn níwájú awakọ̀, ó sì lè má fẹ́ kú bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn pátákó ni mo ti bá ọ̀rá. Ọ̀rá fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí wọ́n fi ohun dúdú tó ń fà lẹ̀ mọ́ irin ilẹ̀kùn. Mo rò pé ohun tí wọ́n fi di ọkọ̀ náà nígbà tó wà ní tuntun ni, tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ. Mo ya á dànù.

Mo dúpẹ́ pé òjò rọ̀ kí n tó dá pátákó náà padà. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo inú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, mo sì rí omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, tó ń ṣàn lójú irin nínú lọ́hùn-ún, tó ń gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Èmi rò pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé. Omi ń wọlé o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn; rọ́bà etí gíláàsì kàn ń dín in kù ni. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí omi náà ta sára pátákó. Ibi tí ọ̀rá ilẹ̀kùn awakọ̀ mi ti là nísàlẹ̀, kó tó di pé èmi náà wá bà á jẹ́ tán, ibẹ̀ náà ni pátákó ti wú, tí fóòmù sì ti kọ́kọ́ jẹrà. Mo gé ọ̀rá líle tuntun, mo fi ti àtijọ́ ṣe òdiwọ̀n, mo fi ohun dúdú kan náà lẹ̀ ẹ́ padà, mo sì fi wáyà tín-ínrín tú ihò ìsàlẹ̀ méjèèjì tí ewé àti erùpẹ̀ ti dí. Ká ní mo kàn yí aṣọ padà ni, omi ì bá tún jẹ ẹ́.

Nísinsìnyí, fífá. Tí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní oṣù kan àti ààbọ̀ yẹn, fífá ni mo ṣe. Aṣọ àtijọ́ ṣí kúrò bí awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, inú mi dùn. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣòro: fóòmù tó ti di àtè, tó rọ̀ níbì kan, tó gbẹ níbì kejì, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀ káàkiri. Mo kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó di ẹrọ̀fọ̀, ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fi omi bẹ̀rẹ̀. Gbígbẹ ni kí ẹ ti gbọ̀n ọ́n kúrò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle, kì í ṣe ti irin, èyí tí kò ní ha ike. Ẹ wọ ìbòmú, torí ìyẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́, imú ló sì máa ń wá. Lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tí mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí ra á bí ẹni ń ha ìdọ̀tí ara: gọ́ọ̀mù tó kù ń ká jọ di kóró kéékèèké, ó ń já bọ́. Ibi tó bá kọ̀, mo fi àkísà tí mo ta ọtí ìnu-nǹkan sí nù ún. Kí ẹ kọ́kọ́ dán irú ohun bẹ́ẹ̀ wò ní ẹ̀yìn pátákó níbi tí ojú kò tó, torí àwọn epo kan wà tó máa ń yọ́ ike, tí ojú rẹ̀ á wá dà bí ẹni pé ó ń sunkún.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó tó? Mo máa ń fi téèpù pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́, mo á fà á yọ, mo á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyẹ̀ bá wà lẹ́yìn téèpù, mo tún máa fá. Lára ilẹ̀kùn kejì, ó sú mi nígbà tó kù díẹ̀, mo ní kò burú, aṣọ á bò ó. Gbogbo kókó tí mo fi sílẹ̀ ló yọ sójú aṣọ tuntun bí rorẹ́. Mo tún un tú.

Àárín pátákó, ibi tí aṣọ wà, dá dúró fúnra rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, wọ́n ki àwọn ọ̀pá ike kéékèèké kọjá nínú ihò, wọ́n sì fi iná yọ́ orí wọn kí wọ́n má lè padà. Ẹni bá fẹ́ kí etí aṣọ ká sẹ́yìn dáadáa gbọ́dọ̀ gé àwọn orí yẹn kúrò, kó yọ àárín náà síta. Mo fi abẹ gé wọn pẹlẹbẹ, bí mo ṣe lè gé e mọ lókè tó, kí ìdí wọn lè ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo ń dá a padà, mo fi súkúrúù kúkúrú tó ní orí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dè é. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ o, kó má lọ jáde lójú aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbé ọ̀rọ̀ aṣọ lọ bá, torí aránṣọ ni. Aṣọ òwú tó lẹ́wà kan ni mo kọ́kọ́ rà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á síbùú, ó fà á sóòró, ó dá a padà fún mi. Ó ní, “Kò fà. Ṣé ibi tó tẹ́jú lo fẹ́ fi bò?” Mo ní rárá, pátákó náà ní kòtò lójú. Ó ní kí n wá èyí tó ń fà síhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí fóòmù tuntun ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, àti pé aṣọ fẹ́lẹ́ a máa jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yọ sójú. Èyí tí mo wá rà ní irun wẹ́wẹ́ lójú: tí a bá pa á sísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ sí ìgbà tí a bá pa á sókè. Ó ní kí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú síbì kan náà, kí n fi ẹfun fa ọfà sẹ́yìn aṣọ kí n tó gé ohunkóhun. Mo fa ọfà náà. Mo gbé pátákó iwájú apá òsì lé aṣọ, mo fa ìlà yí i ká, mo fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un níbi gbogbo, mo gé e. Mo wá fi èyí tí mo gé ṣe òdiwọ̀n, mo gbé e lé aṣọ bó ṣe wà, mo gé èkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n. “Ìwọ, ṣé apá òsì àti apá ọ̀tún nìyí, àbí apá òsì méjì?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.”

Apá òsì méjì ni. N kò yí òdiwọ̀n náà dojú dé. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ aṣọ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń kọ “Ọ̀TÚN” àti “ÒSÌ” gàdàgbà sí ẹ̀yìn aṣọ.

Ti gọ́ọ̀mù ló dùn mí jù. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù inú agolo tí wọ́n ń fín sára páálí àti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé ni mo lò. Ó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ káàkiri. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbé ọkọ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè gbóná kọjá 50 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréédì, ike tí oòrùn ń lù tààrà á sì tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà dé, aṣọ ti kúrò nínú kòtò ojú pátákó, ó nà tantan lókè rẹ̀ bí awọ ìlù. Mo fi ìka ta á, ó sì dún. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò fún inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó lè fara da ooru. N kò ka ara agolo. Mo ka iye tí wọ́n ń tà á.

Èyí tó dára náà ní ìwà tirẹ̀. Ojú méjèèjì ni a ń fín in sí, ẹ̀yìn aṣọ àti ojú ike, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí a dúró. Dídúró yìí le fún mi ju fífá lọ. Tí a bá lẹ̀ wọ́n pọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù, epo inú rẹ̀ kò ní rí ibi gbà jáde, aṣọ á máa yọ̀ kiri, gọ́ọ̀mù á sì là á kọjá. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ìka kàn án: tó bá ń fà okùn tẹ̀lé ìka, kò tíì tó, tó bá dì mọ́ ìka tó sì fi í sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sójú awọ, àsìkò tó. Ìṣẹ́jú mélòó ni? Ẹ wo agolo, ẹ sì wo ojú ọjọ́. Ìta lábẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é. Inú yàrá tí mo ti fèrèsé rẹ̀ ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì. Òórùn gọ́ọ̀mù náà a sì máa gbiná, iná kankan kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Bó bá ti lẹ̀, ó ti lẹ̀ náà nìyẹn, kò sí pé mo fẹ́ sún un díẹ̀. Nítorí náà inú kòtò ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí, wọ́n á na aṣọ gbọọrọ, wọ́n á wá fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọ inú kòtò nígbẹ̀yìn. Aṣọ tí a bá nà wọlé báyìí ń wá ọ̀nà àtijáde ni, ọjọ́ oòrùn ló ń dúró dè. Mo máa ń ká aṣọ sẹ́yìn lójú méjì, mo á jẹ́ kí ìlà àárín rẹ̀ kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀ kòtò, mo á fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo igun rẹ̀ láìnà án, lẹ́yìn náà ni mo á máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tì í gun òkè, lọ sí etí, ní apá kan, kí n tó ṣe apá kejì. Ibi tó bá le, ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun ni mo yá, ooru rẹ̀ a máa mú kí aṣọ dẹ̀. N kò tíì dá a padà.

Etí kò le bí kòtò. Níbi tí igun bá yọ síta, aṣọ á pọ̀ jù lẹ́yìn, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí yọ ẹyọ onígun mẹ́ta kúrò kó má bàa dì kókó. Níbi tó bá tẹ̀ wọnú, aṣọ kò ní tó, kí ẹ là á tààrà lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin kó lè yà. Ẹ má là á dé etí. Kó ku bíi mìlímítà 3. Ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, tẹ̀yìn apá òsì, mo là á kọjá níbi ihò ọwọ́ ìyí, ike funfun sì yọjú bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárín ètè.

Dídá a padà yára. Okùn irin ọwọ́ ilẹ̀kùn àti gbogbo wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ so, kí ẹ dá ẹnu bátìrì padà, kí ẹ gbé gíláàsì sókè, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn láti inú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó gbá kílíìpù kankan wọlé. Mo mọ̀ ọ́n torí pé nígbà tí mo parí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo jókòó sínú rẹ̀, mo tì í kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún, mo wá fa ọwọ́ láti jáde. Ọwọ́ náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, mo na apá síta, mo ṣí ara mi sílẹ̀ bí ẹni tó ń jalè nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Aṣọ tuntun náà sì nípọn ju ti àtijọ́ lọ: etí òkè kò fẹ́ wọ abẹ́ rọ́bà gíláàsì mọ́, àfi ìgbà tí mo fá fóòmù ibẹ̀ kúrò tó ku aṣọ nìkan, mo sì wá súkúrúù tó gùn díẹ̀ sí i fún ibi ìgbápálé.

Ibi funfun tó yọjú yẹn, mo fi gègé dúdú kùn ún. Bí èèyàn kò bá mọ̀, kò lè rí i. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn apá òsì ló jókòó sí. Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà sísàlẹ̀, ó pa á sókè, ó wo ilẹ̀kùn kejì bóyá ọfà wọn kọjú síbì kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìka rẹ̀ nínú dígí ìwẹ̀yìn, tó dúró gẹ́lẹ́ lórí ibẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin, ó ní kí n máa wakọ̀ mi lọ.